Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbé àbúrò mi dé kóòtù májísíréètì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ló yẹ ká mọ̀?

Ọmọ Ajílété (alẹ́ Àbámẹ́ta)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ló gbé mi dé. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń tún fóònù ṣe nítòsí Tákìíé. Ẹnì kan wá ta fóònù àlòkù fún un láìpẹ́ yìí. Ó sanwó, ó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà onítọ̀hún sínú ìwé tó fi ń kọ ọjà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá wá mú un, wọ́n ní fóònù olè ni. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní àtìmọ́lé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá owó béèlì, iye tí wọ́n sì dá kò sí nínú ilé wa. Lónìí ni wọ́n wá sọ pé ọjọ́ Ajé làwọn máa gbé e lọ sí kóòtù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kó fọwọ́ sí i, òun náà sì fọwọ́ sí i. Kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. A ò ní lọ́yà, èmi náà ò sì tíì wọ kóòtù rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́jọ́ Ajé? Kí ló lè sọ? Àwọn kan ní kó sáà gbà pé òun jẹ̀bi kí ẹjọ́ lè tètè parí.

Akọ̀wé Àná

Má jẹ́ kó gbà pé òun jẹ̀bi nítorí kí ẹjọ́ lè tètè parí. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ kú ọ̀rọ̀ náà o, Ọlọ́run á kó o yọ.

Rẹ́gísírì kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, mo mọ bí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ṣe máa ń rí níbẹ̀. Ọkọ̀ ọlọ́pàá á kó òun àti àwọn mìíràn wá. Kí ẹ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹni tí wọ́n fún ní béèlì, tí kò sí ará ilé rẹ̀ kankan nítòsí láti dúró fún un, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Tí wọ́n bá pe ẹjọ́ rẹ̀, á bọ́ síbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, wọ́n á sì bi í pé èdè wo ló gbọ́. Kó la ẹnu, kó ní Yorùbá. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tí ojú ń tì láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn lọ́yà, tí wọ́n ní àwọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ka ẹ̀sùn náà wéré wéré, ọmọ á máa mi orí sí ohun tí kò yé e, orí tó mì yẹn ni wọ́n á sì kọ sínú ìwé kóòtù. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún un kúlẹ̀kúlẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1988, nínú ẹjọ́ Kajubo, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìgbẹ́jọ́ tó ti parí, nítorí pé nígbà ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò ka ẹ̀sùn sí olùjẹ́jọ́ létí kí wọ́n sì là á yé e bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í: ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi? “Mi ò jẹ̀bi” ti tó. Kó má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fóònù àti ìwé ọjà, àsìkò ìyẹn ń bọ̀. Ẹni tó bá ní “mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n jí i ni” ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, nítorí mímọ̀ tó mọ̀ pé wọ́n jí i gan-an ni ẹ̀sùn náà dá lé. Adájọ́ tó fara balẹ̀ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹjọ́ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Amòfin Òjòó

Bàbá ti sọ ti kóòtù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àtìmọ́lé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ kó tó dé iwájú adájọ́.

Abala 35 ìwé òfin kan náà sọ pé tí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn débẹ̀. Tí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Ògbómọ̀ṣọ́ ní kóòtù májísíréètì, ó ní kóòtù gíga. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú un, kóòtù sì ń jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Nítorí náà, ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó ti dé kóòtù, tàbí kí wọ́n ti fún un ní béèlì. Abala yìí náà ló ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un sínú ìwé láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Ìwọ̀nba ni ọlọ́pàá tó ń ṣe é, mo mọ̀. Ẹ ṣì máa béèrè.

Béèlì ní tésàn, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ó kan ìwé tó fọwọ́ sí. Kò sí òfin tó ní dandan ni kó sọ̀rọ̀ ní tésàn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí tó fi máa rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé tí ẹni tí wọ́n mú kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó kà á fún un kó yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Òfin náà fàyè gbà á pé kí lọ́yà, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́), tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Tí ẹ bá rí i lọ́la, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣé wọ́n lù ú? Ṣé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn? Àbí wọ́n kàn kọ ohun tí kò sọ? Òfin ò rí ọ̀nà méjèèjì yìí bákan náà. Tí wọ́n bá fipá gbà á, lọ́yà rẹ̀ á ta kò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ bí ẹ̀rí, adájọ́ á sì dá ẹjọ́ gbogbo dúró láti kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe gba ìwé yẹn. Ìjọba ló máa fi hàn pé wọn ò fipá gbà á. Tó bá jẹ́ pé ohun tí kò sọ ni wọ́n kọ, adájọ́ lè gba ìwé náà wọlé, kó wá wọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀rí tó kù nígbà ìdájọ́. Ẹ má jẹ́ kó pa irọ́ pé wọ́n lu òun tí wọn ò bá lù ú. Ẹ̀rí òtítọ́ ló máa gbà á.

Nípa lọ́yà: Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ máa rí wọn nínú ọgbà kóòtù, ẹ bẹ wọ́n. Legal Aid Council wà ní Ìbàdàn. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n ń ṣe é fún.

Alátẹ Ṣábó

Ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n jí fóònù mi ní ọjà Wàásọ̀, owó ọjà mi wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi rí i títí di òní. Àwọn tó ń ra fóònù olè ló ń jẹ́ kí olè máa jí i. Gbogbo yín ń kọ́ ọmọ yìí bó ṣe máa bọ́. Ta ló ń kọ́ èmi tí wọ́n jà lólè?

Amòfin Òjòó

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín kò burú rárá. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ín bó ṣe yẹ.

Tí wọ́n bá ká ohun tí wọ́n jí mọ́ èèyàn lọ́wọ́, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n jí i, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fún adájọ́ láyè láti gbà pé òun ló jí i tàbí pé ó mọ̀ pé wọ́n jí i kó tó rà á, àyàfi tó bá ṣàlàyé bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin kò fọwọ́ pa orí ẹni tó ń ra ọjà olè. Àmọ́ ó ní kí a gbọ́ àlàyé rẹ̀ ná, ìjọba ló sì ní láti fi ìdí ẹ̀sùn múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kò ní kù. Tí wọ́n bá sáré ju atúnfóònùṣe sẹ́wọ̀n, ẹni tó jí i gan-an ṣì wà láàárín ìlú, ó ń wá ti ẹlòmíràn.

Ọmọ Ajílété, ìdí nìyí tí ìwé tó fi ń kọ ọjà yẹn fi ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tẹ́ ẹ ní lọ. Níbo ló wà? Ẹ lọ wá a lálẹ́ òní, ẹ ya fọ́tò ojú ewé náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé báǹkì ló fi sanwó fún ẹni tó tà á, ẹ gba àkọsílẹ̀ báǹkì. Tí ẹnì kan bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbàgbé.

Ìyá Aláṣọ Akẹ̀sán

Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn sùn ní ẹ̀wọ̀n tí ẹ bá lè ṣe é. Ìjà àdúgbò ni wọ́n torí rẹ̀ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí wọ́n jọ jà sọ pé ó gba owó lọ́wọ́ òun pẹ̀lú ọ̀bẹ, bó ṣe di ìdigunjalè nìyẹn. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ní kí wọ́n fi í pamọ́ títí DPP ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì ìjọba tó ń pinnu bóyá kí wọ́n pe èèyàn lẹ́jọ́ ọ̀daràn, á fi mú ìmọ̀ràn wá. Ìmọ̀ràn ò wá. Ọmọ wà nínú ẹ̀wọ̀n, ẹnì kan ò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ẹ rántí ìgbà tí àwọn agbébọn kọlu ọgbà Abólóńgò níbí, ní October 22, 2021. Nígbà náà ni àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ iye tó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ayé: 907 èèyàn, nínú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún 160 lọ́dún 2007. Nínú 907 yẹn, 64 péré ni wọ́n ti dá ẹjọ́ fún. 843 tó kù ń retí ìdájọ́ ni. Ọmọ ta ni àwọn 843 yẹn? Òfin pe gbogbo wọn ní aláìlẹ́ṣẹ̀.

Akọ̀wé Àná

Màmá, ẹ kú ìnira. Òótọ́ lẹ sọ, ó sì dùn mí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ará ilé lè ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n má jẹ́ kí fáìlì sùn. Kí lọ́yà máa tẹ̀ lé e láti tésàn dé ọ́fíìsì DPP ní Sẹkiteríàtì, Agodi. Àwọn kan lọ sí kóòtù gíga láti béèrè fún béèlì níbẹ̀, nígbà tí májísíréètì kò lè fún wọn. Àwọn mìíràn fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pẹjọ́. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ náà lágbára láti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kó tú ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀, ẹ sì máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí wọ́n bá ṣe é.

Ọmọ Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an. A ti rí ìwé ọjà, mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Mo rí àbúrò mi. Wọn ò lù ú, àmọ́ ó ní òun sọ pé òun ò mọ̀ pé wọ́n jí i, ẹni tó ń kọ ọ́ sì sọ pé òun ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé irú ẹni wo ló lè dúró fún un? Ìyá wa ní ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, ọlọ́pàá kan sọ pé obìnrin kò lè ṣe onídùúró.

Akọ̀wé Àná

Irọ́ ni. Obìnrin lè ṣe onídùúró, òfin ti sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má kọ obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Kí ìyá yín mú ìwé ilé wá, ẹ̀dà àti èyí tó jẹ́ ojúlówó, pẹ̀lú fọ́tò pélébé àti ìwé owó orí. Tí májísíréètì bá ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun fẹ́, ẹ ti máa wá ẹnì kan nínú ẹbí tó lè mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ wá. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á rán ẹnì kan lọ wo ilé onídùúró kó tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà kí ẹnì kan wà nílé.

Ẹ sá fún àwọn tó ń dúró ní ẹnu géètì kóòtù tí wọ́n máa ní àwọn lè bá yín ṣe onídùúró. Owó ni wọ́n ń gbà, ìwé ayédèrú ni wọ́n ń mú wá, tí wọ́n bá sì mọ̀, béèlì bàjẹ́. Tí kóòtù bá ní kí ẹ fi owó sílẹ̀, rẹ́gísírì lẹ ti máa san án, ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú rẹ̀, torí pé owó yẹn á padà sọ́wọ́ yín tí ẹjọ́ bá parí. Kí ìyá yín mọ ohun tó ń wọ̀ o: tí ọmọ bá sá, òun ló máa san iye tó wà nínú ìwé, tí kò bá rí i san, wọ́n lè tì í mọ́lé.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́-Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè tèmi. Mo jẹ ẹnì kan lówó táyà. Ó mú ọlọ́pàá wá, wọn ò bá mi nílé, wọ́n gbé ìyàwó mi lọ títí mo fi dé. Ṣé òfin ni?

Amòfin Òjòó

Rárá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣẹ̀ sí òfin. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 àti òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn. Àwọn òfin yìí náà ní kí wọ́n má mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ni kí ẹni tó ń bèèrè owó rẹ̀ lọ. Ìyàwó yín lè pẹjọ́ fún owó gbà-má-bínú, abala 35 tún ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ọmọ Ajílété (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

A ti dé láti kóòtù. Wọ́n bi í ní èdè tó gbọ́, ó ní Yorùbá. Ògbufọ̀ ka ẹ̀sùn náà fún un, nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ní ó mọ̀ pé wọ́n jí i, mo rí i tó gbójú sókè. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Lọ́yà kan tí a bẹ̀ nínú ọgbà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò lórí béèlì. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba ta kò ó, ó ní ó lè sá. Májísíréètì fún un ní béèlì pẹ̀lú onídùúró kan tó ní ilé nínú ìlú. Ìyá wa ló dúró. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an.

Nísinsìnyí, ẹ ṣàlàyé bí ìgbẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ. Àti pé ọlọ́pàá náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní tó bá yí ọ̀rọ̀ padà tó gbà pé òun jẹ̀bi lọ́jọ́ tó ń bọ̀, owó ìtanràn kékeré ni wọ́n máa dá fún un.

Amòfin Òjòó

Ọlọ́pàá kì í ṣe adájọ́, kò lè ṣe ìlérí ìdájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀daràn ni. Ìwé yẹn á máa bá a lọ síbi iṣẹ́, síbi físà, síbi gbogbo. Àdéhùn lórí ẹ̀bi wà lóòótọ́, àwọn ẹjọ́ EFCC kan ń parí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, adájọ́ á sì bi olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ohun tó fọwọ́ sí yé e, bóyá ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ igi kóòtù kọ́ ni.

Akọ̀wé Àná

Ìgbẹ́jọ́ dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń mọ ògiri tí ẹnì kejì ń tì í wò bóyá ó dúró. Ìjọba ló ń kọ́kọ́ mọ ọ́n. Wọ́n á pe ẹlẹ́rìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ni fóònù, ọlọ́pàá tó wádìí. Kí àwọn ẹlẹ́rìí tó kù dúró síta nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀. Tí ẹlẹ́rìí bá parí, lọ́yà yín á bi í ní ìbéèrè, ẹ̀tọ́ ni lábẹ́ abala 36, àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ lè bi wọ́n tí kò bá ní lọ́yà. Kó máa fi ìwé kékeré kọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ tí kì í ṣe òótọ́, kó nà án sí lọ́yà. Ìbéèrè tó dára jù ní irú ẹjọ́ yìí máa ń rọrùn. Ẹ bi ọlọ́pàá pé: ṣé ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọjà rẹ̀? Ta ló gbé e? Tó bá ní àwọn ò pè é, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yẹn wọ inú ìwé adájọ́.

Tí ìjọba bá parí, tí ẹ̀rí wọn kò sì kan olùjẹ́jọ́ dáadáa, lọ́yà lè sọ fún kóòtù pé kò sí ẹjọ́ tó yẹ kó jẹ́. Tí adájọ́ bá gbà, ó parí nìyẹn, wọ́n á tú u sílẹ̀. Tí kò bá gbà, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Ó lè dákẹ́, nítorí òfin ò fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó lè sọ̀rọ̀ láti ibi tó dúró sí láìbúra, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í ní ìbéèrè. Ó sì lè bọ́ síbi ẹlẹ́rìí, kó búra, kó sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n wá bi í. Lójú tèmi, ẹni tó ní ìwé ọjà tó sì ní òtítọ́, kó búra kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò búra lé kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú adájọ́.

Kó má pa ọjọ́ kankan jẹ. Tí ara rẹ̀ ò bá yá, ẹ mú ìwé dókítà dé kóòtù kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Ẹni tí kò bá yọjú, àṣẹ ìfipámúni ni wọ́n ń kọ sí i, béèlì á sì bọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní irun dàda mi àti kọ̀ǹpútà tí mo gbé kọ́ èjìká fi hàn pé mo jẹ́ Yahoo. Ẹ̀sùn wo nìyẹn?

Amòfin Òjòó

Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀, àbúrò. Abala 36 sọ pé ohun tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ìyà tó tọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò lè dá èèyàn lẹ́bi lé e lórí. Ẹjọ́ àtijọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀, ti Aoko àti Fagbemi, lọ́dún 1961, nílẹ̀ Yorùbá níbí. Kóòtù ìbílẹ̀ dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Kóòtù gíga fagi lé e, nítorí pé kò sí òfin kankan tí a kọ sílẹ̀ níhà gúúsù tó pe àgbèrè ní ọ̀ràn. Ohun tí àgbà ìlú kórìíra lè burú lójú gbogbo wa, kò sọ ọ́ di ọ̀ràn ní kóòtù. Irun kò sí nínú ìwé. Tí wọ́n bá dá ẹ dúró, má bá wọn jà, má sá. Sọ orúkọ rẹ, bi wọ́n ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń mú ẹ, kó o sì pe ẹnì kan nílé.

Ìyá Aláṣọ Akẹ̀sán

Ẹ dákun, ẹ má tíì pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Wọ́n ti wá dájọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kóòtù gíga, láìpẹ́ yìí ni. Wọ́n ní ó jẹ̀bi. Lọ́yà tó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò kò gbé fóònù wa mọ́. A ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, a ò mọ ohun tí adájọ́ kọ. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù láti lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Amòfin Òjòó

Màmá, tó bá jẹ́ pé kò tíì pé 90 ọjọ́ tí kóòtù gíga dájọ́, kò tíì pẹ́ jù. Iye ọjọ́ tí òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀ràn láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn, ẹ̀ka wọn sì wà ní Ìbàdàn. Tó bá ti kọjá 90 ọjọ́, lọ́yà ṣì lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àkókò kún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣe gúnmọ́.

Ẹ má dúró de lọ́yà tí kò gbé fóònù. Abala 36 sọ pé ẹni tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá parí. Ẹ lọ sí rẹ́gísírì kóòtù tó dájọ́ náà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ kọ lẹ́tà tó ní orúkọ ọmọ náà, nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọjọ́ ìdájọ́, ẹ ní ẹ̀dà ìdájọ́ àti ti àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ lẹ ń bèèrè. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ọ̀kan fún yín. Òǹtẹ̀ yẹn ló máa fi hàn pé ẹ ò sùn lé ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó fún yín. Láti ibẹ̀, ẹ gba ọ́fíìsì Legal Aid lọ ní Ìbàdàn, kí ẹ mú lẹ́tà náà dání. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà lára ìwé tí wọ́n fi gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n. Tí ẹ ò bá ní in, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn wọ́dà nígbà tí ẹ bá lọ wò ó.